Bí ẹ ó ṣe ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ tí kò ní kó yín sí gbèsè, pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì tí apá yín á ká

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi wá jù ni pé, "Mo ti tu owó díẹ̀ jọ, mọ́tò wo ni kí n rà?" Ìbéèrè yẹn dáa, àmọ́ òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: nínú owó tẹ́ ẹ ní yìí, èló lẹ lè fi ra mọ́tò tí owó ìtọ́jú, owó ìwé àti owó ìnṣọ́ránsì tó jẹ́ ojúlówó á ṣì kù sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ mọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń rí tó jókòó lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti oṣù mélòó kan, mọ́tò gidi ni. Olówó rẹ̀ ló ná gbogbo owó tán lọ́jọ́ tó rà á, tí kò wá rówó ra páàtì àkọ́kọ́ tó bà jẹ́.

Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ tàbí ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà la kọ èyí fún, ẹni tí yóò máa fi lọ síbi iṣẹ́, tí kò ní fi ṣe kábúkábú.

Ẹ pín owó náà kẹ́ ẹ tó jáde nílé

Ká ní mílíọ̀nù 5 náírà ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní. Ẹ má wá mọ́tò mílíọ̀nù 5. Ẹ pín in báyìí:

1. Mọ́tò fúnra rẹ̀: kó má ju 3,800,000 lọ.
2. Ìwé ọkọ̀, nọ́ńbà, owó ẹni tó máa bá yín yẹ mọ́tò wò, àti ìnṣọ́ránsì: 400,000.
3. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe sí i, ìyẹn ọ́ìlì, bíréèkì, táyà tàbí bátìrì: 500,000.
4. Ìyókù, 300,000: ẹ má fọwọ́ kàn án fún oṣù mẹ́ta, àfi tí mọ́tò bá béèrè rẹ̀.

Ẹni tó ń tà á á sọ pé, "Ẹ ṣáà ti máa wà á lọ, kò sóhun tó ń ṣe é." Mọ́tò tó ti lo ọdún 15 kò lè ṣe kó máà ní ohun tó ń ṣe é. Ohun tó ń ṣe é gan-an lẹ fẹ́ mọ̀, kẹ́ ẹ lè mọ iye tó máa ná yín.

Mọ́tò wo ló yẹ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹ fi ohun mẹ́ta wọn mọ́tò èyíkéyìí: ṣé páàtì rẹ̀ wà lọ́jà páàtì Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Ìbàdàn láìsí pé wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ dúró dè é? Ṣé mẹkáníìkì àdúgbò yín ti tú irú rẹ̀ rí? Ṣé plọ́ọ̀gì mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀? Ẹ́ńjìnnì plọ́ọ̀gì mẹ́fà dùn ún wà, ṣùgbọ́n owó epo rẹ̀ àti owó àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń ra mọ́tò àkọ́kọ́.

Àwọn tá a lè tọ́ka sí láìbẹ̀rù:

- Toyota Corolla 2003 sí 2008, ẹ́ńjìnnì 1.8. Ṣéènì ló ń yí i nínú, kì í ṣe bẹ́líìtì tẹ́ ẹ máa ní láti pààrọ̀ lóòrèkóòrè.
- Toyota Matrix àti Pontiac Vibe, 2003 sí 2008, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8. Ẹ́ńjìnnì Corolla yẹn náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Nítorí pé orúkọ Vibe kò dún bíi ti Toyota, ẹ sábà máa rí i ní owó tó dínkù. Bẹ́ ẹ bá rí èyí tó mọ́, ẹ má ro ti orúkọ.
- Honda Accord 2003 sí 2007, plọ́ọ̀gì mẹ́rin nìkan.

Àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, àti ìdí rẹ̀:

- Accord plọ́ọ̀gì mẹ́fà, 1998 sí 2004: jíà rẹ̀ ló máa ń bà jẹ́.
- Honda Civic 2006 sí 2008, ẹ́ńjìnnì 1.8: irin ẹ́ńjìnnì náà máa ń sán, tí omi á máa jò. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi gọ́ọ̀mù dí.
- Toyota Camry 2007 sí 2009, ẹ́ńjìnnì 2.4: ó máa ń jẹ ọ́ìlì nítorí bí wọ́n ṣe ṣe písítìnì àti ríìngì rẹ̀.
- Hyundai Sonata àti Kia Optima 2011 sí 2014: ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pè é padà ní Amẹ́ríkà nítorí béárì inú ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ. Bó bá ti ń dún ko-ko-ko nísàlẹ̀, ẹ máa lọ.
- Nissan Altima àti Sentra tó ní jíà CVT (jíà aládàáṣiṣẹ́ oníbẹ́líìtì), láti 2007 wá: àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀, owó rẹ̀ sì ga.

VIN ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe fọ́tò

Kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ wo mọ́tò kankan, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò náà, ránṣẹ́. Ẹyọ 17 ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Bí kò bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ wá mọ́tò míì.

1. Ẹ wo èyí tó ṣáájú. 1, 4 tàbí 5 túmọ̀ sí pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó, 2 jẹ́ Kánádà, J jẹ́ Jápáàn.
2. Ẹ ka títí dé ìkẹwàá. Òun ló ń sọ ọdún mọ́tò: 3 ni 2003, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Bí wọ́n bá ń pè é ní 2008 tí ìkẹwàá sì jẹ́ 5, mọ́tò 2005 ni. Wọ́n lè ti pààrọ̀ iná àti bọ́ńpà rẹ̀ kó lè jọ tuntun.
3. Ẹ tẹ VIN náà sí ojú ìwé VINCheck tí NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì ìnṣọ́ránsì ní Amẹ́ríkà, ṣí fún aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń sọ bóyá wọ́n ti kéde mọ́tò náà pé wọ́n jí i, tàbí bóyá ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ibẹ̀ ti kà á sí èyí tó ti bà jẹ́ kọjá àtúnṣe.
4. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí nhtsa.gov/recalls, ojú ìwé ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sọ mọ́tò tí ilé-iṣẹ́ ti pè padà fún àtúnṣe. Ẹ má fo èyí. Airbag (àpò tó ń wú jáde láti dáàbò boni nígbà ìjàǹbá) tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla, Civic àti Accord àwọn ọdún yẹn. Ooru àti ọ̀rinrin ló máa ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ tó ń mú gáàsì jáde jẹ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá bẹ́, irin wẹ́wẹ́ ló ń ta sójú ẹni tó jókòó síwájú. Ilẹ̀ wa gbóná, ó sì lọ́rinrin. Bí ojú ìwé náà bá sọ pé wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà ohun tí wọ́n lè ṣe àti iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà.
5. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mọ́tò, ẹ fi VIN tí wọ́n fi ránṣẹ́ wé èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú àti èyí tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ padà sílé.

Àyẹ̀wò: àárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì tutù

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání. Ẹ bá a dá iye kan tí yóò gbà, yálà ẹ rà á tàbí ẹ kò rà á, kẹ́ ẹ sì san án kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọ̀ pé àfi tẹ́ ẹ bá rà á ni òun máa rí nǹkan kò ní fẹ́ rí àléébù kankan. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣíná sí mọ́tò kẹ́ ẹ tó dé.

1. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti ṣíná sí i. Ẹ sọ pé ẹ ó padà wá lọ́la. Ariwo àti èéfín tó máa ń fi àìsàn ẹ́ńjìnnì hàn, ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló máa ń jáde.

2. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kẹ́ ẹ yí inú rẹ̀ sókè. Dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú kò burú. Bó bá funfun, tó ki bí ògì, omi ti ń wọ inú ọ́ìlì, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí orí ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀. Ẹ ṣí rẹdiétọ̀ náà, níwọ̀n ìgbà tó ṣì tutù. Bí ọ́ìlì bá léfòó lórí omi rẹ̀, àìsàn kan náà ni.

3. Ẹ fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde. Ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ jù jẹ́ àmì pé ó ń jẹ ẹ́ tàbí pé ó ń jò. Ọ́ìlì tó mọ́ gaara, tó sì ki jù, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì kíki sí i kí ariwo àti èéfín lè lọ sílẹ̀ títí ẹ ó fi sanwó.

4. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì ṣíná. Iná check engine, ti ABS (ti bíréèkì, bí mọ́tò náà bá ní in) àti ti airbag gbọ́dọ̀ tàn. Ti airbag á kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí rìwáyà ti yọ gílóòbù rẹ̀, torí pé bó bá tàn kò ní kú mọ́.

5. Ẹ ṣíná sí i, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn. Èéfín tó ní àwọ̀ bí aró ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, tí òórùn rẹ̀ dùn díẹ̀, omi ló ń jó. Dúdú jẹ́ epo tó pọ̀ jù, èyí sì sábà máa ń rọrùn láti tún ṣe.

6. Ẹ tan ẹ́síì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ máa wo abẹ́rẹ́ ooru. Gosíló ló ń pa ẹ́ńjìnnì nílùú wa, eré sísá kọ́. Bí abẹ́rẹ́ náà bá kọjá àárín, tàbí fáànù kò bá yí, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa bá pàdé ní Ìkòròdú Road.

7. Ẹ fẹsẹ̀ lé bíréèkì, kẹ́ ẹ gbé jíà láti P sí R, sí N, sí D, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbá gììì, tàbí tó pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kó tó mú, jíà ti ń rẹ̀ ẹ́. Bó bá ní irin ìwọ̀n ọ́ìlì jíà, ẹ fà á jáde: pupa ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ti di dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jó, ẹ má rà á. Ẹ má sì gba ẹni tó ní "ọ́ìlì jíà nìkan ló fẹ́" gbọ́.

8. Ẹ wà á fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lórí ọ̀nà tó dáa, lórí ọ̀nà tí kò dáa, lórí òkè. Ẹ yí sítíárìn rẹ̀ dé òpin ní pápá, kẹ́ ẹ rọra máa lọ: bó bá ń dún ka-ka-ka, ó fẹ́ jọ́íǹtì. Ẹ tẹ bíréèkì lórí eré 60. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n, dísìkì ti wọ́.

9. Ẹ fi scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe inú mọ́tò, kà á kẹ́ ẹ tó wà á, kẹ́ ẹ tún kà á tẹ́ ẹ bá dé. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò OBD2 tí wọ́n ń ki scanner bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí kò bá sí kóòdù kankan, ẹ má yọ̀ síbẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wo "readiness", ìyẹn bóyá mọ́tò ti parí àyẹ̀wò tó ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá wà ní "not ready" tàbí "incomplete", ẹnì kan ti pa kóòdù rẹ́ láìpẹ́, tàbí ó ti yọ orí bátìrì.

Mọ́tò tómi ti wọ̀ àti èyí tó ti forí gbá

Mọ́tò tó ti mu omi lè ṣíná dáadáa lónìí, kí iná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nítorí wáyà tó ń dípẹtà. A ò mọ ọ̀nà tó dáa tí wọ́n fi ń wo irú rẹ̀ sàn. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin: apá tó máa ń ká sínú ni ìlà ẹrẹ̀ máa ń wà, torí pé ẹni tó fọ mọ́tò kì í rántí ibẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo irin tí síìtì ń yọ̀ lé bóyá ó ti dípẹtà, ẹ wo abẹ́ táyà àpọ̀jù nínú búùtù. Lọ́fínńdà tó pọ̀ jù nínú mọ́tò tún jẹ́ àmì.

Fún èyí tó ti forí gbá:

- Àwọn nọ́ọ̀tù tó mú bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà: bí ọ̀dà orí wọn bá ti fọ́, wọ́n ti tú u rí.
- Àlàfo láàárín àwọn ilẹ̀kùn: kó dọ́gba lápá méjèèjì.
- Máágínẹ́ẹ̀tì kékeré tẹ́ ẹ fi aṣọ wé: ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, pútì panẹ́bítà ló wà níbẹ̀.
- Táyà tó jẹ lápá kan ṣoṣo.

Bọ́ńpà tí wọ́n tún kùn kì í ṣe ìṣòro. Irin tó gbé rẹdiétọ̀ dúró tí wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ni ìṣòro. Lórí táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti ju ọdún mẹ́fà lọ, ẹ yọ owó mẹ́rin tuntun kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jọ tuntun tó.

Ìwé

Fún tòkunbọ̀, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Nítorí náà, mọ́tò tó gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdírókò wọlé láti Kútọnu láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gba nọ́ńbà. Ohun tó sábà mú kó pọ́ọ́kú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà, kẹ́ ẹ fún kílíárìn ájẹ́ńtì tó ní láíséǹsì tẹ́ ẹ mọ̀, kó yẹ VIN àti owó tí wọ́n san wò lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Fún èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, orúkọ tó wà lórí Proof of Ownership, ìwé tó ń fi ẹni tó ni mọ́tò hàn, gbọ́dọ̀ bá káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń tà á mu. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ gba rìsíìtì ẹ́ńjìnnì náà. Ìwé àdéhùn ní VIN, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, iye owó, ọjọ́, ìbuwọ́lùwé àwọn méjèèjì àti ẹlẹ́rìí méjì. Àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ni kẹ́ ẹ sanwó sí. Ẹ má san án sí àkáǹtì ájẹ́ńtì.

Ìnṣọ́ránsì: èyí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní, àti èyí tẹ́ ẹ lè yàn

Third party ni òfin béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọlọ́kọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 2023, iye tí NAICOM, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, fi lélẹ̀ fún mọ́tò àdáni jẹ́ 15,000 náírà lọ́dún. Bẹ́ ẹ bá gbá mọ́tò tàbí dúkìá ẹlòmíì, ilé-iṣẹ́ náà lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí rẹ̀. Ó tún kan ẹni tó bá fara pa tàbí tó kú. Kì í san kọ́bọ̀ lórí mọ́tò tiyín.

Ẹni tó bá ní òun máa bá yín ṣe é ní 5,000 tàbí 7,000, ayédèrú ìwé ló fẹ́ tà. Láti oṣù Kejì ọdún 2025 tí ọlọ́pàá ti kéde pé àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní gbà yín sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbá mọ́tò olówó ńlá: kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn yín.

Bí ẹ ó ṣe rà á:

1. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tàbí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ní láíséǹsì. Ẹ mú VIN, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà mọ́tò àti káàdì ìdánimọ̀ dání.
2. Ẹ san án sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́. Òfin ni pé tówó ò bá tíì wọlé, ìnṣọ́ránsì ò tíì bẹ̀rẹ̀.
3. Ẹ ka orúkọ yín, VIN àti ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà lẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe lórí nọ́ńbà mọ́tò ti tó fún wọn láti máa fà yín lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìjàǹbá.
4. Ẹ wọ askniid.org, ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni ìnṣọ́ránsì, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò sí i. Bí kò bá jáde, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ má wa mọ́tò lórí ìnṣọ́ránsì ẹni tó tà á fún yín. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Comprehensive ló ń san lórí mọ́tò tiyín náà, bẹ́ ẹ bá forí gbá, bí wọ́n bá jí i, bó bá jóná. Iye tó kéré jù fún un jẹ́ 5% iye mọ́tò. Fún mọ́tò 3,800,000, ìyẹn jẹ́ 190,000 lọ́dún. Ẹ má fi kún iye mọ́tò nítorí kí wọ́n lè san owó ńlá: iye tí mọ́tò náà tó lọ́jà lọ́jọ́ tó bà jẹ́ ni wọ́n máa wò, ẹ ó kàn ti san owó ìnṣọ́ránsì tó pọ̀ jù lásán ni. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè:

- Èló ni màá kọ́kọ́ fi sílẹ̀ lápò mi tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀?
- Ṣé omi òjò àti rògbòdìyàn wà nínú rẹ̀, àbí mo máa fi owó kún un?
- Ṣé dandan ni tracker, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí mọ́tò wà?
- Ṣé ẹ máa gba mọ́tò tó ti dàgbà tó báyìí? Àwọn kan kì í gba èyí tó ti pẹ́.
- Mẹkáníìkì ta ni yóò tún un ṣe?

Èrò tiwa rèé. Bó bá jẹ́ pé tí mọ́tò yìí bá lọ lọ́la, ẹ kò lè ra òmíràn láàárín ọdún méjì, ẹ ra comprehensive, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́ tọ́wọ́ yín kò tíì mọ́ ọn. Bí mọ́tò náà bá kéré lówó tàbí tó ti dàgbà jù, third party ti tó, àmọ́ kẹ́ ẹ máa tọ́jú 15,000 lóṣooṣù sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Oríṣi kan tún wà láàárín méjèèjì, third party tó fi iná àti olè kún un. Ó yẹ kẹ́ ẹ béèrè iye rẹ̀, nítorí pé Corolla jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí olè ń wá fún páàtì. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ máa fi mọ́tò náà gbé èrò lórí áàpù ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Ìnṣọ́ránsì àdáni kò bo kábúkábú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

- Ẹ pààrọ̀ orúkọ onímọ́tò sí tiyín ní ọ́fíìsì láíséǹsì.
- Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fíìtà. Fún Corolla 1.8, ẹ ra oníwọ̀n 5W-30.
- Ọ́ìlì jíà, bó bá ti yẹ: T-IV fún Corolla 2003 sí 2008, ti Honda fún Honda. Ọ́ìlì jíà tí kì í ṣe irú rẹ̀ ti ba ọ̀pọ̀ jíà tó dáa jẹ́.
- Ẹ fa omi lásán jáde kúrò nínú rẹdiétọ̀, kẹ́ ẹ da kúláǹtì sí i.
- Páàdì bíréèkì, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, fíìtà afẹ́fẹ́.
- Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí odómítà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ̀ bóyá máìlì ni tàbí kìlómítà. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ máìlì.
- Ẹ máa fa irin ọ́ìlì wò ní gbogbo àárọ̀ Sátidé fún oṣù àkọ́kọ́. Bó bá lọ sílẹ̀ láti àmì òkè dé àmì ìsàlẹ̀ láàárín oṣù náà, ẹ gbé e padà lọ bá mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò fún yín.